Ṣé àpò oúnjẹ kan lè tó fún àgbébọ̀ àti adìẹ tó ń dàgbà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Mo ní àgbébọ̀ mẹ́fà tó ti ń yé ẹyin. Mo tún ní adìẹ mẹ́jọ, irú tó ń yé ẹyin náà ni wọ́n, wọ́n sì ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ó wù mí kí n kó gbogbo wọn sínú ilé kan. Layer's mash ni mò ń rà fún àwọn àgbà. Ṣé mo lè máa fi bọ́ àwọn kékeré náà, kí n má baà máa ra àpò méjì? Ẹnì kan ní kò sóhun tó máa ṣe wọ́n, pé kí n kàn máa po àgbàdo lílọ̀ mọ́ ọn kí agbára rẹ̀ lè dín kù. Ẹlòmíì ní chick mash ni kí wọ́n ṣì máa jẹ títí wọ́n á fi yé ẹyin.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú wọn o. Àpò kan lè tó yín, àmọ́ kì í ṣe layer's mash. Grower's mash, ìyẹn oúnjẹ adìẹ tó ń dàgbà, ni kí ẹ rà, kí gbogbo wọn jọ máa jẹ ẹ́, kí ẹ wá bu ìkarahun tí wọ́n ti gún sínú abọ́ ọ̀tọ̀ fún àwọn tó ń yé ẹyin.

Tí èèyàn bá mú àpò oúnjẹ adìẹ, iye amúaradàgbà ló sábà máa ń kọ́kọ́ wò. Nínú ọ̀rọ̀ tiyín yìí, kálísíọ́mù ni kí ojú yín kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ẹ wo bébà tí wọ́n rán mọ́ ẹnu àpò. Nínú oúnjẹ adìẹ tó ń dàgbà, kálísíọ́mù kì í ju nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 lọ. Nínú layer's mash, ó máa ń wà láàárín ìdá 3.5 sí 4.5. Àgbébọ̀ nílò gbogbo ẹ̀, torí òun ló fi ń ṣe èèpo ẹyin, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́ ló ń ṣe é. Adìẹ ọlọ́sẹ̀ mẹ́wàá kò ní èèpo kankan láti ṣe, kíndìnrín rẹ̀ ló máa wá ọ̀nà kó èyí tó ṣẹ́ kù jáde. Tó bá ṣe é títí tí apá rẹ̀ ò ká a mọ́, kíndìnrín náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bà jẹ́, ìdọ̀tí tó yẹ kó bá ìgbẹ́ jáde á sì máa dúró sára. Tí a bá la irú adìẹ bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́yìn tó kú, a sábà máa ń rí ohun funfun kan bí ẹfun tó bo ọkàn àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

Èyí tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé kì í tètè hàn. Adìẹ náà lè máa jẹun, kó máa sáré kiri, kó dàgbà, kó tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin, kó wá ṣubú lulẹ̀ lọ́jọ́ kan kó kú. Nígbà náà, ta ló máa rántí oúnjẹ tó jẹ ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn?

Ní ti àgbàdo, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní layer's mash yín ní amúaradàgbà ìdá 16 àti kálísíọ́mù ìdá 4. Nǹkan bí ìdá 8 ni amúaradàgbà àgbàdo, kálísíọ́mù inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Tí ẹ bá pò wọ́n ní ìlàjì-ìlàjì, kálísíọ́mù á di ìdá 2, ìyẹn ìlọ́po méjì ohun tó yẹ adìẹ kékeré. Amúaradàgbà á wá já sí ìdá 12, bẹ́ẹ̀ ìdá 15 sí 17 ló yẹ kí wọ́n máa rí. Èyí tó pọ̀ jù ṣì pọ̀ jù, èyí tó tó kò wá tó mọ́. Adìẹ tí amúaradàgbà rẹ̀ kò tó, ìyẹ́ rẹ̀ kì í tètè hù dáadáa, wọ́n sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá ara wọn. Ẹ lè da àgbàdo ẹ̀kúnwọ́ kan sílẹ̀ fún wọn nírọ̀lẹ́ tó bá wù yín, mi ò bá yín jà.

Ẹni tó ní kí ẹ máa fún wọn ní chick mash kò gbà yín nímọ̀ràn tó léwu, owó ló máa ná yín. Oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ àkọ́kọ́ nìyẹn, amúaradàgbà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìdá 18 sí 20. Ẹ kàn ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n po oògùn coccidiosis (àrùn inú tó lè mú kí adìẹ máa yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀) mọ́, irú bí amprolium, torí àwọn àgbébọ̀ yín máa jẹ nínú rẹ̀, ẹ̀yin náà á sì jẹ ẹyin wọn. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò nípa ẹyin kí ẹ tó rà á.

Ẹ má po ìkarahun mọ́ oúnjẹ o. Ẹ jẹ́ kó dá wà. Àgbébọ̀ tí ara rẹ̀ ń béèrè rẹ̀ á lọ jẹ ẹ́, àwọn kékeré á tọ́ ọ wò, wọ́n á sì fi í sílẹ̀. Ìkarahun yìí kò sì lè rọ́pò òkúta wẹẹrẹ, torí ó máa ń yòrò nínú wọn, òkúta ló máa ń dúró nínú iwe láti bá wọn lọ oúnjẹ. Tó bá jẹ́ oúnjẹ lílọ̀ nìkan ni wọ́n ń jẹ, wọn ò nílò òkúta. Tí wọ́n bá ń jẹ koríko tàbí odindi àgbàdo, ẹ wá a fún wọn.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 17 sí 18 ni ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn mẹ́jọ náà lọ sórí layer's mash, nígbà tí ogbe wọn bá ti ń pọ́n tàbí tí ẹ bá rí ẹyin àkọ́kọ́. Ẹ máa pò ó díẹ̀díẹ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Àmọ́ tí àkùkọ bá wà nínú wọn, èmi ò ní yí i padà rárá: grower's mash pẹ̀lú ìkarahun lọ́tọ̀ ni màá máa fún gbogbo wọn lọ, torí àkùkọ kì í yé ẹyin.

Àwọn mẹ́rìnlá yìí á jẹ àpò kílò 25 tán ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tórí náà kò sídìí láti kó o jọ. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n lọ̀ ọ́. Tó bá ti dì mọ́ra tàbí tó ti bu, ẹ dà á nù, ẹ má sá a sóòrùn kí ẹ tún fún wọn, torí májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lè wà nínú rẹ̀, oòrùn ò sì ní pa á.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá kó wọn pọ̀, ẹ gbé abọ́ oúnjẹ àti ti omi sí ojú méjì tó jìnnà síra. Àwọn àgbébọ̀ yẹn kò ní fẹ́ kí àwọn kékeré sún mọ́ èyí tí wọ́n bá ti gbà.