Ìgbà wo ni wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, báwo ló sì ṣe rí?

Ẹ̀yin olùkọ́ tẹ́ ẹ bèèrè láti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbádárìgì ni ilé náà wà. Ọ̀sà ló kọjú sí, kì í ṣe òkun gan-an. Àwọn míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà) ló kọ́ ọ, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1845.

Ẹ wo bó ṣe máa rí lójú ará Ọ̀yọ́ ayé ìgbà náà! Agbo ilé tiwa, ògiri amọ̀ àti òrùlé koríko ni, ilẹ̀ ni gbogbo yàrá wà, wọ́n yí àgbàlá ká. Kọ̀bì ààfin pàápàá, ìyẹn ìloro tó yọ síwájú ní ilé ọba, kò ní yàrá lókè. Ilé Àgbádárìgì yìí wá gun orí ara: pákó ni ilẹ̀ òkè, pákó ni fèrèsé, páànù ló bò ó lórí.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ọmọ tiwa gbé ibẹ̀: Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ ìlú Òṣoògùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, tí wọ́n mú lẹ́rú ní 1821. Ó ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí Yorùbá níbẹ̀ kó tó kọjá sí Abẹ́òkúta ní 1846. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yín lọ wo ilé náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kúrò níbẹ̀ láìgbọ́ orúkọ Òṣoògùn.