Ọlọ́pàá gbá ọmọ mi létí, wọ́n tún gba owó ẹ̀: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o, lọ́yà wa. Aṣọ ni mò ń tà l'Ókè Àjẹ́, níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 21, yunifásítì OOU ló ti ń kàwé. Lọ́jọ́ Thursday tó kọjá ó ń bọ̀ láti Àgọ́-Ìwòyè, àwọn ọlọ́pàá dá mọ́tò wọn dúró, òun nìkan ni wọ́n ní kó bọ́ọ́lẹ̀ torí pé ó dirun, ó sì gbé láptọ́ọ̀pù. Wọ́n ní kó ṣí fóònù ẹ̀, ó bi wọ́n pé kí lòun ṣe, ni ọ̀kan bá gbá a létí lẹ́ẹ̀mejì, èkejì fi ìdí ìbọn gún un léjìká. Wọ́n ní ọmọ Yahoo ni, wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ oní-POS, wọ́n gba ₦85,000 lọ́wọ́ ẹ̀, owó ilé-ìwé ni. Látìgbà yẹn ni etí ẹ̀ ti ń hó. Bàbá ẹ̀ ní ká fi fún Ọlọ́run, pé ta ló ń bá ìjọba ṣẹjọ́. Àbúrò mi kan tóun náà jẹ́ ọlọ́pàá ló ní ká lọ kọ ọ́ sílẹ̀. Èwo ni ká ṣe? Ṣé lóòótọ́ ni pé ọlọ́pàá lè lu ẹni tó bá ń bá wọn jiyàn?

Ìdáhùn: Màámi, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ yín, etí ọmọ yẹn ló sì ká mi lára jù. Torí náà ká tó dé orí òfin, ẹ gbé e lọ sọ́síbítù lọ́la, ì báà jẹ́ State Hospital tó wà níbí, ì báà jẹ́ OOUTH ní Ṣàgámù, kí dókítà yẹ inú etí ẹ̀ wò, torí ìgbájú lè fa awọ inú etí ya, kéèyàn má sì tètè mọ̀. Ẹ má sọ fún dókítà pé ó ṣubú o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń tijú tàbí bẹ̀rù, wọ́n á ní àwọn ṣubú, tó bá wá di ọjọ́ ẹjọ́, ohun tó wà nínú fáìlì ọsibítù náà ni wọ́n á fi bá wọn wí. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́, kẹ́ ẹ sì gba ìwé dókítà. Èjìká tí wọ́n fi ìbọn gún yẹn náà, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kó tó rọlẹ̀.

Lórí ìbéèrè yín kejì: rárá, irọ́ ni. Kò sí òfin kankan ní Nàìjíríà tó ní kí ọlọ́pàá lu èèyàn torí pé ó bi í ní ìbéèrè. Ohun tí òfin gbà ni pé tí ẹni tí wọ́n fẹ́ mú bá ń jà tàbí tó ń sá lọ, tàbí tó fẹ́ ṣe ẹlòmíì léṣe, wọ́n lè lo ìwọ̀n agbára tó máa tó láti kápá ẹ̀, kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè, constitution ọdún 1999 tí gbogbo wa ń lò, abala 33 ló sọ ìgbà tí agbára lè bófin mu, abala 34 ló sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fìyà jẹ èèyàn tàbí kó tàbùkù rẹ̀. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ pàápàá, tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu tí mo bá sọ ọ́, òfin ACJA ti 2015, tó darí ẹjọ́ ọ̀daràn, àti òfin ọlọ́pàá ti 2020 ò gbà kí wọ́n kàn fi dè èèyàn, àfi tí wọ́n bá nídìí láti rò pé ó fẹ́ jà tàbí sá, tàbí tí ààbò ẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀, tàbí kóòtù ló pàṣẹ ẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi mú un náà, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún un. Ìbéèrè tọ́mọ yín bi wọ́n yẹn, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ló bi.

Òfin kan tún wà tí àwọn èèyàn ò mọ̀, òfin tó de ìfìyàjẹni, 2017 ló jáde. Wọ́n to oríṣiríṣi ìyà sínú ẹ̀, ìdí ìbọn wà níbẹ̀ kedere, wọ́n dárúkọ ẹ̀. Téèyàn bá sì ṣe irú ẹ̀ láti fi fipá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni, tàbí láti fi dẹ́rù bà á, kò lè sá pamọ́ sẹ́yìn pé ọ̀gá òun ló rán òun. Mo fẹ́ kí àwọn ọlọ́pàá kékeré tó ń ka èyí gbọ́ ọ dáadáa, torí àwọn ni wọ́n máa ń rán síwájú.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ owó. Ẹ̀rí yín tó lágbára jù, lọ́dọ̀ oní-POS yẹn ló wà. Àláàtì báǹkì ní déètì, ó ní aago. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, bíríkìlà kan láti ìlú kan ní Rẹ́mọ wá bá mi, irú ọ̀rọ̀ yín yìí náà ni, téṣàn wọn ní àwọn ò rí i rí, àwọn ò dúró sí ojú ọ̀nà kankan lọ́jọ́ yẹn. Ìyàwó ẹ̀ ló jókòó sílẹ̀ tó tú etí gèlè ẹ̀, ó mú ìwé POS kan jáde tó ti ká bí èpo ẹ̀kọ, lẹ́tà orí ẹ̀ ti ń ṣá, díẹ̀ ló kù kó di ìwé funfun lásán. Mo sáré lọ ṣe fọ́tòkọ́pì ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà, ọmọdébìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù sì rántí yúnífọ́ọ̀mù mẹ́ta tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. Ibi tí irọ́ wọn parí sí nìyẹn. Owó yẹn padà, ọ̀kan nínú wọn sì lọ jẹ́jọ́ ní orderly room, ibi tí ọlọ́pàá ti ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọ iṣẹ́ wọn. Torí náà, bí rísíìtì bá wà, ẹ ya á ní fọ́tò lónìí, kẹ́ ẹ gba stétímẹ́ǹtì báǹkì, kẹ́ ẹ sì rọra bá oní-POS yẹn sọ̀rọ̀, ẹ má bá a jà, ẹ̀rù ń ba òun náà.

Kí ọmọ yín jókòó, kó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ nísinsìnyí tí kò tíì gbàgbé: ibi tí wọ́n dúró sí, aago, wọ́n pé mélòó, ta ló dúdú, ta ló ga, orúkọ tó wà láyà wọn tó bá rí i, ohun tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ gan-an. Dírẹ́fà mọ́tò yẹn, ẹ lọ wá a ní gáréèjì. Àwọn tó jọ wọ ọkọ̀ náà, ẹnì kan péré nínú wọn tó bá lè jẹ́rìí, ó tó.

Ẹ wá sọ ọ́ di lẹ́tà, ojú ewé kan tàbí méjì, ẹ má bú ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀. Kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá ní Ẹlẹ́wẹ̀ẹ́ràn, Abẹ́òkúta, ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Area Commander Ìjẹ̀bú-Òde, sí Complaint Response Unit, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gba ẹ̀sùn lórí ọlọ́pàá, l'Ábújá, sí Police Service Commission àti National Human Rights Commission. Kò yẹ kó jẹ́ téṣàn nìkan. Police Service Commission yẹn kì í ṣe ara ọlọ́pàá, òfin ló gbé e kalẹ̀, òun ló ní agbára láti yọ ọlọ́pàá níṣẹ́, àfi IGP, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, nìkan lọ́wọ́ ẹ̀ ò tó. Ẹ̀dà méjì ni kẹ́ ẹ mú dání lọ síbikíbi tẹ́ ẹ bá ń fi ọwọ́ gbé e lọ, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ọ̀kan, kí wọ́n kọ déètì sí i, kẹ́ ẹ mú un bọ̀ nílé. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lórí kántà kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ má lọ. Ẹ jókòó, ẹ bẹ̀ wọ́n, ẹ dúró títí wọ́n á fi lù ú, torí lẹ́tà tí kò lóǹtẹ̀, ọ̀la ni wọ́n á ní àwọn ò rí i.

Tó bá sì di ti kóòtù, abala 46 nínú constitution yẹn fún ọmọ yín láàyè láti lọ sí High Court fúnra ẹ̀, ọ̀kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ò ní gbèdéke ọjọ́, òfin 2009 tó darí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ló mú un kúrò. Ṣùgbọ́n irú ẹjọ́ míì tèèyàn lè pè lórí ọ̀rọ̀ kan náà, oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n fún un tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ fẹ́ pè, torí ẹ̀ ni mo fi ń sọ pé ẹ má sùn lé e. Tówó lọ́yà bá ń dà yín láàmú, ẹ béèrè Legal Aid Council, tàbí kẹ́ ẹ wá bá NBA, ẹgbẹ́ àwa lọ́yà, ẹ̀ka Ìjẹ̀bú-Òde, ká rí ẹni tó máa bá yín ṣe é.

Mo mọ̀ pé bàbá ẹ̀ ò sọ̀rọ̀ lásán. Ẹni tó gbé ní ilẹ̀ yìí lọ́dún 2020 ò lè gbàgbé Tiamiyu Kazeem, agbábọ́ọ̀lù Remo Stars, tó kú ní Ṣàgámù lọ́jọ́ 22 oṣù kejì lẹ́yìn tí àwọn SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti adigunjalè, mú un. Nígbà táwọn ọ̀dọ́ Ṣàgámù jáde, wọ́n tún pàdánù ẹ̀mí nínú wọn. Oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni ìwọ́de EndSARS gba gbogbo orílẹ̀-èdè kan, ọjọ́ 11 ni wọ́n kéde pé àwọn ti tú SARS ká. Ẹ̀rù yẹn ò tíì kúrò lára wa, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹ̀.

Àmọ́ ẹ wò ó, ohun tí ẹ̀rù yẹn ń ṣe fún wa nìyí. Wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù oníbàárà mi kan lóru, aládùúgbò ẹ̀ rí àwọn olè yẹn kedere lójú fèrèsé, ó mọ ọ̀kan nínú wọn. Ó kọ̀, kò lọ ṣe stétímẹ́ǹtì. Ó ní ẹni tó bá lọ fẹjọ́ sùn ni wọ́n máa kọ́kọ́ tì mọ́lé. Olè yẹn ń rìn kiri títí dòní. IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí ẹjọ́ náà, èèyàn dáadáa ni, ó fẹ́ ṣiṣẹ́ ẹ̀, ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó ní, "Lọ́yà, wọn ò bá wa sọ̀rọ̀ mọ́." Ẹni a ní kó féni lójú, tó bá ti fata sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, ta ló tún máa gbójú sókè fún un? Àwọn tó gbá ọmọ yín létí, iṣẹ́ irú IPO yẹn náà ni wọ́n bà jẹ́. Ó jọ pé ìdí nìyẹn tí àbúrò yín tó jẹ́ ọlọ́pàá fi ní kẹ́ ẹ lọ kọ ọ́.

Torí náà èmi náà á ní kẹ́ ẹ kọ ọ́, ẹ sọ fún bàbá ẹ̀ pé kò ní jẹ́ pé ọmọ nìkan láá máa lọ o. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá pè é, kí lọ́yà tàbí bàbá ẹ̀ tẹ̀lé e, kó má fọwọ́ sí ìwé tí kò kà. Tẹ́nikẹ́ni bá ní kó wá nìkan lálẹ́, kò gbọdọ̀ lọ. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ dá owó padà kẹ́ ẹ lè fa ọ̀rọ̀ náà tì, ẹ gba owó yín, owó yín ni, àmọ́ ẹ má kọ̀wé kankan pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ tètè jí lọ sọ́síbítù yẹn lọ́la, èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀ láàárọ̀. Kó mú fóònù ẹ̀ dání, kó má sì pa àláàtì kankan rẹ́.