Kí ni òwe «Ohun tí a bá jọ wò, gígún ní í gún» ní í ṣe pẹ̀lú owó ìlú?

Ìbéèrè tí ẹnìkan gbé wá ni ìtumọ̀ òwe yìí, àti ìdí tí àwọn tó ń pè fún àtúnṣe ìṣèlú ní Nàìjíríà fi máa ń pa á.

Ẹni tó ń mọ ògiri kì í sábà rí ibi tó ti ń tẹ̀ sí. Ẹni tó dúró lókèèrè ni í rí i, tí í sì ké sí i kí amọ̀ tó gbẹ. Ìwò tí òwe náà ń wí nìyẹn: ìwò tó ṣíwájú ìpinnu, tó sì kan ohun tí à ń ṣe gan-an.

Ní ọdún 2004, nígbà tí Ngozi Okonjo-Iweala jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iye owó tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà lóṣooṣù sínú ìwé ìròyìn. Ará abúlé tí kò ní ọ̀nà gidi lè fi ìka tọ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, kí ó sì bi alága léèrè ohun tó fi owó náà ṣe. Àtúnṣe ńlá ni èyí, lójú tèmi. Ṣùgbọ́n abala 162 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 ní kí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kọ́kọ́ wọ àpò àpapọ̀ kan lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, ibẹ̀ ni ojú ará ìlú kò sì ti ríran mọ́. Ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 2024 ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó dájọ́ pé kí owó náà máa lọ tààrà sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tí a dìbò yàn.

Ti owó ìrànwọ́ orí epo, ìyẹn owó tí ìjọba ń san kí epo má baà wọ́n, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2012, ìjọba kéde pé ìrànwọ́ náà ti kúrò, lítà bẹntiróò kan sì kúrò ní ₦65 ó di ₦141 lójú ẹsẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì bẹ́ sílẹ̀ káàkiri, iye náà sì wá sí ₦97. Àwọn tó fẹ́ kí ìrànwọ́ náà kúrò ní àlàyé gidi, nítorí owó ńlá ló ń bá a lọ. Àmọ́ oṣù Kẹrin ni ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin tó gbé ìròyìn ìwádìí jáde pé àwọn kan gba owó epo tí wọn kò kó wọlé, bẹ́ẹ̀ ìwádìí yẹn ló yẹ kó ṣíwájú ìkéde.

Ará ìlú náà ní ipa tirẹ̀. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba. Ọjọ́ 7 ni wọ́n fún iléeṣẹ́ náà láti fèsì, kò sì pọn dandan kí ẹni tó béèrè sọ ìdí tó fi ń béèrè.