Ọmọ Mi Ń Fẹ́wọ́: Ṣé Kí N Fi Ata Sí I Lójú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àkàrà ni mo ń dín tà. Ó ti tó oṣù kan tí owó ti ń dín nínú abọ́ tí mo ń kó o sí, ₦200 lónìí, ₦300 lọ́la. Mo rò pé èmi ni mo ń ṣi ṣéńjì fún oníbàárà, àfi ìgbà tí olùkọ́ ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 8, bi mí bóyá èmi ni mo ń fún un lówó tí ó fi ń ra bisikíìtì fún ìdajì kíláàsì rẹ̀. Mo bi ọmọ náà, ó ṣẹ́ kanlẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi ata sí i lójú, kí n sì sín gbẹ́rẹ́ sí i lọ́wọ́. Kí ni kí n ṣe? (Ìyá Alákàrà, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ìyá Alákàrà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ata kúrò nílẹ̀: ẹ má ṣe é. Ata lè ba ojú jẹ́, abẹ lè kó àrùn ran ọmọ, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sì lòdì sí irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ata sábà máa ń kọ́ ọmọ ni bí a ti í fẹ́wọ́ tí àṣírí kò fi ní tú.

Ọmọ ọdún 2 tó mú ohun ẹlòmíràn kò jalè, nítorí kò tíì mọ ìyàtọ̀ láàárín tèmi àti tìrẹ dáadáa. Tiyín mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí ó fi ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó fi owó náà ṣe: kò dá bisikíìtì ọ̀hún jẹ, ńṣe ni ó ń pín in. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ó lè jẹ́ pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í bá a ṣeré, tàbí pé ẹnìkan ń halẹ̀ mọ́ ọn pé kí ó máa mú nǹkan wá. Kí ẹ tó bá a wí, ẹ padà lọ bi olùkọ́ rẹ̀ ní ẹni tí ó ń bá a ṣeré ní àkókò ìsinmi, àti ẹni tí bisikíìtì náà ń dé ọwọ́ rẹ̀ jù.

Nígbà tí ẹ bá pè é jókòó, ẹ má bi í ní ohun tí ẹ ti mọ̀, nítorí "Ṣé ìwọ lo mú un?" ni ó ń ti ọmọ sínú irọ́. Ẹ sọ pé, "Mo mọ̀ pé o ń mú owó nínú abọ́ mi, sọ ìdí rẹ̀ fún mi." Kí ó jẹ́ ẹ̀yin méjèèjì nìkan, kì í ṣe níwájú àwọn tí ń dúró de àkàrà. Ẹ má sì pè é ní olè, bí ó ti wù kí inú bí yín tó, nítorí orúkọ yẹn kì í pẹ́ kí ó tó mọ́ ọmọ lára.

Mi ò ní kí ẹ fojú fò ó o. Ẹ jẹ́ kí ó máa bá yín bó ẹ̀wà nírọ̀lẹ́ títí gbèsè yóò fi tán, kí ẹ má sì mẹ́nu bà á mọ́ lẹ́yìn náà. Ẹ gbé abọ́ owó síbi tí ojú yín tó o, kí ẹ sì máa fún un ní owó díẹ̀ tí yóò mọ̀ pé tòun ni. Bí ó bá tún ń mú ti aládùúgbò, tí ó ń jà, tí ó sì ń sá níléèwé, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń tọ́jú ọpọlọ àti ìwà ọmọdé ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn.

Ní ti ìyá ọkọ yín, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí àwọn máa bá yín ka iye tí ọmọ náà ti san.