Kí ló dé tí orúkọ òpópónà ní ìlú Macau fi wà ní èdè Ṣáínà àti Potogí?

Ìdí rẹ̀ ni pé èdè ìjọba ni èdè méjèèjì ní Macau títí di òní. Àwọn Potogí tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1557, ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 1999 ni ìlú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sọ́wọ́ Ṣáínà.

Ọ̀pọ̀ àmì òpópónà àtijọ́ ibẹ̀ jẹ́ táìlì funfun tí wọ́n fi ọ̀dà búlúù kọ. Ní Gbàgede Senado, òkúta wẹ́wẹ́ dúdú àti funfun ni wọ́n tò sílẹ̀ bí ìgbì òkun, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Lisbon, olú-ìlú Potogí. Ibi tí àdàlù àṣà Ṣáínà àti ti Potogí ti hàn jù ni ògiri iwájú ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul, èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí iná jó ilé náà lọ́dún 1835. Ère obìnrin kan wà lára rẹ̀ lókè dírágónì olórí púpọ̀; ọ̀rọ̀ Ṣáínà tí wọ́n gbẹ́ sí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ pé Ìyá Mímọ́ ló tẹ orí dírágónì mọ́lẹ̀. Ojúbọ Na Tcha, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà Ṣáínà, kò sì jìnnà sí i rárá.

Àmọ́ o, díẹ̀ nínú ará ìlú ló gbọ́ Potogí. Cantonese, ẹ̀yà èdè Ṣáínà kan, ni wọ́n ń sọ lójoojúmọ́.