Ta Ló Ń Sanwó Ubuntu?

Látìgbà tá a ti kọ̀wé nípa Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa tó dá Ubuntu sílẹ̀, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, ni ìbéèrè ti ń wọlé. Mẹ́ta la mú nínú wọn.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, Ubuntu ni mo máa ń fi sórí láptọ́ọ̀pù tó ti gbó tí Windows ò ṣe é lò lórí ẹ̀ mọ́. Àwọn kọ́sítọ́mà mi ò gbà pé ọ̀fẹ́ ni, wọ́n ní ẹni tó bá ń fúnni ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní nǹkan tó ń wá. Kí lọkùnrin yẹn ń jẹ gan-an? (Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Ìbàdàn)

Ọ̀fẹ́ ni o, àbúrò mi, sọ fún wọn kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Owó tí Shuttleworth fi bẹ̀rẹ̀ Ubuntu ní 2004, àpò ara ẹ̀ ló ti wá. Ó ti dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 1995 nígbà tó ṣì wà ní yunifásítì Cape Town, Thawte lorúkọ ẹ̀, wọ́n máa ń fún wẹ́bsáìtì ní ìwé ẹ̀rí pé òun gan-an ni, kì í ṣe gbájú-ẹ̀, kéèyàn tó tẹ nọ́ńbà káàdì báńkì ẹ̀ síbẹ̀. VeriSign ti Amẹ́ríkà rà á ní December 1999, nǹkan bíi $575 mílíọ̀nù. Ṣùgbọ́n owó àpò máa ń tán, ìdí nìyẹn tí Canonical, iléeṣẹ́ ẹ̀ tó ń ṣe Ubuntu, fi ń ta ìtọ́jú. Iléeṣẹ́ tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún server, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, tí nǹkan bá dédé kú lóru, wọ́n fẹ́ ẹni tí wọ́n máa pè tó máa dáhùn, ohun tí wọ́n ń sanwó fún nìyẹn. Òwò tó mọ́ ni lójú tèmi: tálákà àti iléeṣẹ́ ńlá, sọ́fítíwíà kan náà ni wọ́n ń lò. Fún iṣẹ́ tìẹ, LTS, ìyẹn ẹ̀dà Ubuntu tí wọ́n ń tọ́jú pẹ́, ni kó o máa fi sí i, ọdún méjì méjì ló ń jáde, wọ́n á sì máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún 5. Èyí tó ń jáde lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, oṣù 9 péré ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀, kọ́sítọ́mà ẹ á kàn padà wá bá ẹ jà ni.

Ẹ̀yin olóòtú, ọmọ mi ní Ubuntu náà ti ń gbé ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn fún Amazon rí. Ṣé irọ́ ni? (Ìyá kan, Peckham, Lọ́ńdọ̀n)

Kì í ṣe irọ́, mà. Nínú Ubuntu 12.10, ẹ̀dà tó jáde ní October 2012, tí ẹ bá ń wá fáìlì orí kọ̀ǹpútà ara yín, bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń lọ sọ́dọ̀ Canonical, ọjà Amazon á sì máa jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì yín. Inú bí àwọn tó fẹ́ràn Ubuntu gan-an, ó sì yẹ kó bí wọn, ẹni tó ń wá fọ́tò ìsìnkú bàbá ẹ̀, kí ló kan ẹni tó ń tajà níbẹ̀? Wọ́n ní ẹni tí ò bá fẹ́ lè pa á, ṣùgbọ́n ṣe ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi èèyàn kí wọ́n tó ṣí i sílẹ̀. Ó di ẹ̀dà 16.04, ní 2016, kí wọ́n tó máa pa á sílẹ̀ fúnra wọn.

Ẹ̀gbọ́n, Shuttleworth ná $20 mílíọ̀nù láti lọ sí òfuurufú. Ṣé ìyẹn náà ni ìtọrẹ àánú? (Ọmọ yunifásítì, Ìlọrin)

Rárá, ìrìn àjò ara ẹ̀ ni, owó ara ẹ̀ ló sì ná. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fàájì lásán. Ó gba ẹ̀kọ́ ní Star City ní Rọ́ṣíà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ń lọ sí òfuurufú, ó kọ́ èdè wọn, ọkọ̀ òfuurufú Rọ́ṣíà tó ń jẹ́ Soyuz gbé e kúrò ní Baikonur ní Kazakhstan ní 25 April 2002, ó sì gbé iṣẹ́ ìwádìí àwọn onímọ̀ South Africa dání lọ sí International Space Station, ibùdó táwọn onímọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní òfuurufú, ọ̀kan nínú ẹ̀ dá lórí pùrótéènì kòkòrò HIV. Nígbà tó dé, ó ń lọ káàkiri iléèwé, ó ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì.

Tó bá jẹ́ ìtọrẹ lò ń wá, Shuttleworth Foundation ni kó o wò, 2001 ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wọ́n gógó ní South Africa, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tó ń jẹ́ Freedom Toaster, èèyàn á mú sídíì òfìfo wá, á yan sọ́fítíwíà tó fẹ́ lójú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á kó o sínú ẹ̀, kò ní san kọ́bọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ní èrò tó dáa, wọ́n á san owó oṣù ẹ̀ fún ọdún kan, tó bá wá fi owó ara ẹ̀ sínú iṣẹ́ náà, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po 10 ó kéré tán. Apá yìí ló wù mí jù, torí ẹni tówó ẹ̀ wà nínú nǹkan ò ní fi ṣeré, ohun tó bá sì ṣe jáde, gbogbo ayé gbọ́dọ̀ lè lò ó.