Gọ́ọ̀mù bó kúrò lára plywood: ṣé kí n da àwọn rib mi nù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Houston ni mò ń gbé, inú gáréèjì mi ni mo ti ń kan apá bàálù Pietenpol Air Camper. Mo ti ṣe rib, ìyẹn igi ìhà tó ń fún apá bàálù ní ìrísí, mọ́kànlá: igi spruce tín-ín-rín, tí mo fi epoxy (gọ́ọ̀mù olómi méjì tí a ń pò pọ̀) lẹ plywood birch kéékèèké mọ́ ní gbogbo oríkèé. Mo fi clamp, irin tí a fi ń fún igi pọ̀, fún un títí gọ́ọ̀mù fi tú jáde, bí bàbá mi tó jẹ́ káfíńtà n'Ìbàdàn ṣe máa ń ṣe. Lánàá, mo fi ẹ̀mú fa plywood kúrò lára àjákù igi tí mo fi dán iṣẹ́ náà wò, ó sì ṣí láìjà rárá. Gọ́ọ̀mù wà lára spruce, ojú plywood mọ́ tónítóní. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi? Ṣé kí n da àwọn rib náà nù?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ fà á ya. Ọ̀pọ̀ ló ń lẹ àjákù ìdánwò tí wọn kì í já a wò.

Gọ́ọ̀mù kọ́ ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ká ní ẹ kò pò ó bó ṣe yẹ ni, ì bá ṣì rọ̀ débi tí èékánná yóò wọ̀ ọ́. (Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ náà: ìdọ́gba nínú ife kì í ṣe ìdọ́gba lórí òṣùwọ̀n, ohun tó wà lára agolo ni kí ẹ tẹ̀ lé.) Èyí tó bá gan bí òkúta, tó di spruce mú, tó wá fi plywood sílẹ̀, plywood ló lẹ́jọ́.

Irin gbígbóná ni wọ́n fi ń tẹ plywood pọ̀ nílé iṣẹ́. Ooru yẹn lè mú kí ojú rẹ̀ dì, kó máa dán, tí gọ́ọ̀mù ò fi ní ríbi wọ̀. Ẹ kán omi ẹ̀kán kan sí i. Bí omi náà bá ṣù jọ bí omi orí ewé kókò, tí kò rin ín, ẹ ti rí ọ̀daràn. Ẹ fi sáńpépà tó kúnná rà á lójú fẹ́ẹ́rẹ́ títí dídán yẹn fi lọ, kì í ṣe títí awẹ́ òkè fi tán o, torí awẹ́ náà kò nípọn. Ẹ gbọn eruku rẹ̀ kúrò dáadáa.

Ẹ má ṣe irú rẹ̀ fún spruce. Igi rírọ̀ ni, eruku sáńpépà á dí ihò ara rẹ̀. Ìfági tó mú ni kí ẹ fi fá a, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ kí wákàtí 8 tó kọjá, bí ìwé ìtọ́sọ́nà FAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú, AC 43.13-1B, ṣe wí.

Ní ti clamp, bàbá yín ò ṣìṣe. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà ń fẹ́ agbára, resorcinol tí àwọn àgbà fi ń kan bàálù ń fẹ́ ẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Epoxy yàtọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù díẹ̀ sáàárín igi méjèèjì. Ẹni tó bá fún gbogbo rẹ̀ jáde ti febi pa oríkèé náà. Ìṣó wẹ́wẹ́ ti tó láti dì í mú. Bí gọ́ọ̀mù bá ti gan, iṣẹ́ ìṣó tán.

Àwọn rib ńkọ́? Bó bá jẹ́ plywood kan náà ni, èmi á dáná sun mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Ẹ lè já méjì wò, kí wọ́n sì dára, ìyẹn ò sọ nǹkan kan fún yín nípa mẹ́sàn-án yòókù. Gọ́ọ̀mù tuntun tí ẹ bá sì tọ́ sí etí rẹ̀ kò lè wọ inú oríkèé tó ti pa dé. Igi rib kò wọ́n tó igi spar, ìyẹn òpó gígùn tó gba inú apá bàálù já, ẹ jẹ́ kó dùn yín báyìí.

Lọ́dún 1931, apá onígi bàálù Fokker F-10 kan já lójú ọ̀run ní Kansas. Èèyàn 8 ló kú, Knute Rockne, olùkọ́ni bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní yunifásítì Notre Dame, wà lára wọn. Omi ló wọ inú apá náà tó ba gọ́ọ̀mù jẹ́, níbi tí ojú ò lè tó àfi tí wọ́n bá ṣí plywood.

Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí ẹ bá po epoxy, ẹ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ àjákù kan, ẹ kọ déètì sí i, ẹ já a nígbà tó bá gan. Igi ló yẹ kó fàya, kì í ṣe gọ́ọ̀mù. Ẹ tọ́jú àwọn àjákù náà. EAA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn kan bàálù, ní àwọn onímọ̀ tó ń wá wo iṣẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ pè wọ́n kí ẹ tó fi aṣọ bo apá náà.

Bí omi bá ṣì ń ṣù jọ lórí plywood yẹn lẹ́yìn sáńpépà, ẹ fi kan àpótí irinṣẹ́, kí ẹ ra òmíràn.